Ìyá Tí Ó Mọ Ìwé Kà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ Obìnrin, Ọmọdé àti Ọ̀dọ́ ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni bí àwa tí a kì í ṣe ìjọba, tí a kò sì ní owó ìjọba ní ìkáwọ́ wa, ṣe lè dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò fi ẹ̀kọ́ gbé àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Òkè-Ògùn ró. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti dá a lábàá pé kí a ra aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ aláìní, kí a sì san owó ìdánwò fún àwọn tí orí wọn pé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ó yẹ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àti pé kí a tó dá a sílẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí yóò ti inú rẹ̀ jáde, kí ó má baà bá wa ní òjijì.

Ní ẹkùn Ìsẹ́yìn yìí ni Òṣóògùn wà, ìlú tí a gbé bí Àjàyí, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. A ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, níbi tí ó ti kọ́ ìwé. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí a kì í sábà dárúkọ ni Asano. Ọmọbìnrin tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ni òun náà. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé ní Sàró, wọ́n sì fi Susan ṣe orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Òun ni Crowther fi ṣe aya, òun pẹ̀lú sì di olùkọ́. Abigail ọmọ wọn ni ó fẹ́ T. B. Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Àwọn méjèèjì ni ó sì bí Herbert Macaulay. Ẹ ka ìran mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ṣeé kà bí a bá yọ ọmọbìnrin ẹrú tí a kọ́ ní ìwé kúrò nínú rẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta ni Crowther ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Ní Abẹ́òkúta kan náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpàdé ìyá àti ọmọ yìí, ni a ti rí ẹgbẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí a bí ní 1900, wà lára àwọn ọmọbìnrin tí Abẹ́òkúta Grammar School kọ́kọ́ gbà ní 1914. Ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà dé ní 1922, ní 1925 ó sì di aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, àlùfáà ìjọ tiwa yìí, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó kó àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tí ó mọ̀wé jọ sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Abẹ́òkúta Ladies' Club. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́, oúnjẹ sísè, ìtọ́jú ilé, àti ìrànlọ́wọ́ fún aláìní ni iṣẹ́ wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa títí di òní, a kò sì ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1944, àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ẹgbẹ́ náà. Wọn kò béèrè aṣọ, wọn kò sì béèrè oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí a kọ́ wọn láti kàwé àti láti kọ̀wé.

Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tí ó bá ń fún tálákà ní aṣọ, ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ ọ ní ìwé yóò bá a jókòó, wọn yóò sì jọ máa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn obìnrin ọlọ́lá wọ̀nyí bá àwọn aláta àti àwọn aláṣọ jókòó ni wọ́n tó gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà ní àkókò ogun láìsan iye tí ó tọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn aláṣẹ lọ, wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, gbígba ìrẹsì náà sì dáwọ́ dúró. Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union, nítorí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá nìkan mọ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ owó orí dé. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin ń san án láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sí iwájú ààfin, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí 1949 bẹ̀rẹ̀, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi ìlú sílẹ̀. Ní 1950 ni ó tó padà.

A kò sọ èyí láti ti ẹnikẹ́ni sí ọba tàbí sí ìjọba. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kì í dúró níbi tí olùkọ́ fi í sí. Obìnrin tí ó bá mọ ìwé kà yóò ka káàdì àjọ rẹ̀, yóò ka ìwé tí agbowó-ọjà já fún un, yóò ka iye oògùn tí a kọ sára ìgò kí ó tó fi fún ọmọ, yóò sì ka ìwé ìṣirò owó ìjọ pẹ̀lú. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin akápò, yóò kà á.) Bí ẹgbẹ́ wa kò bá lè fara da ìbéèrè àwọn ìyá tí ó kọ́, kí ó kúkú máa pín aṣọ, kí ó má sì fi orúkọ ẹ̀kọ́ pe ara rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìṣe Ìyáàfin Ransome-Kuti tí ó wù wá púpọ̀. Ó ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ èdè wọn dáradára. Síbẹ̀ ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀ lọ bá àwọn ìyá ọjà, Yorùbá ni ó sì ń bá wọn sọ, kí wọn má baà rí i bí àjèjì. Nínú àwa, ìwé kò yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìyá àgbà tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá láti orí dé ìdí ṣì máa ń wí pé, "Èmi kò mọ̀wé." Láti 1884 ni gbogbo Bíbélì ti wà ní èdè wa, ọmọ Òṣóògùn ni ó sì ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Kí kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò dé ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti múlẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, èé ṣe tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ? Ìdí ni pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tipẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ sì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní ọdún náà. Láti 2004 òfin ti wà pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ka ìwé ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ ẹ lọ sí ọjà Ṣakí tàbí ti Òkèhò ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tí ó gbé igbá lórí. Owó ilé-ìwé kọ́ ni ó mú wọn kúrò nílé-ìwé. Ọwọ́ wọn ni ìyá wọn nílò, láti bó ẹ̀gẹ́, láti yan gàrí, láti gbé àbúrò pọ̀n. Ìyá tí kò mọ ohun tí ọmọ ń ṣe nínú kíláàsì, àǹfààní wo ni yóò rí nínú rẹ̀ tí ó tó gàrí tí yóò tà ní ọ̀la? Ìyá tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó ti síléètì ní alẹ́, tí ó ti rí orúkọ ara rẹ̀ tí ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fa ọmọ yọ.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Rírò lẹ́ẹ̀mejì kò bó ẹ̀gẹ́. Nítorí náà kí ẹgbẹ́ wa ran àwọn ìyá lọ́wọ́ láti dá àjọ ra ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ní àdúgbò wọn, kí a sì fi ìwé àjọ náà kọ́ wọn ní ìṣirò. Báyìí ni ọwọ́ ọmọbìnrin yóò ṣe tú sílẹ̀. Kí ó má sì ṣe jẹ́ àkókò tí ó rọ àwa lọ́rùn ni a ó máa pè wọ́n. Ọjọ́ ọjà kò ṣeé ṣe; ìgbà ìkórè kò ṣeé ṣe; òwúrọ̀ kò ṣeé ṣe rárá.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn lẹ́nu wa. Ìsẹ́yìn ní òfì, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń hun aṣọ òkè níbẹ̀ sì ní iṣẹ́ tí ayé ń fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ iye tí òwú ń ná wọn lórí aṣọ kan, oníbàárà Èkó sì ni ó ń dá iye fún wọn. Oṣù mẹ́ta lórí ìwé ìṣirò yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní ju ọ̀rọ̀ ìyànjú wa lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ṣakí lè kọ́ wọn nígbà ìsinmi.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìdajì àwọn aládùúgbò wa, ó kéré tán, jẹ́ Mùsùlùmí, àti pé àwọn gáà Fúlàní yí oko wa ká. Bí àwọn ìyá wọn bá wá, kí a gbà wọ́n bí a ti gba tiwa, kí a má sì fi ẹ̀kọ́ ṣe ìwọ̀ láti fi fa ẹnikẹ́ni wá sí ìrìbọmi. Bí wọ́n bá fura sí wa lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní padà wá, wọn yóò sì jàre.

A kò bèèrè ilé tuntun. Iyàrá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tí a ń fẹ́ ni ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, fìtílà mẹ́rin, síléètì ogún, ẹni kan tí yóò máa tọ́jú àwọn ìkókó ní ẹ̀yìn iyàrá, àti olùkọ́ mẹ́ta tí kò ní máa pa obìnrin tí ó lọ́mọ-ọmọ ní àṣẹ bí ẹni pa á fún ọmọdé. Kí àwọn tí ó bá fẹ́ kọ́ni fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ kí a tó túká lónìí. Kí àwọn ìyá tí ó bá fẹ́ kọ́ ìwé wá sọ ìrọ̀lẹ́ tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni a ó sì gbọ́ kí a tó dá ọjọ́.