Bí Mọ́tò Bá Ń Dún Nígbà Tó Bá Ń Yà



Ọ̀rọ̀ mọ́tò ẹgbẹ́ la fẹ́ sọ, torí ẹjọ́ ti pọ̀ jù. Dírẹ́bà kọ́ ló ba mọ́tò jẹ́. Àwa ìgbìmọ̀ la jẹ̀bi. Ó ti sọ fún wa pé rọ́bà tó bo orí ṣáàfù lápá ọ̀tún ti ya, pé gírísì ń ta sára ríìmù. A ní, "Rọ́bà lásán lo fẹ́ gbowó sí?" Nígbà tó yá, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká bó bá ń yà. A ní kó máa rọra wà á. Ọjọ́ tó ń kó tòmátò yín bọ̀ láti Ṣáṣá, jọ́ìntì fọ́ kó tó kọjá Mọ́níyà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, jíà wọlé, mọ́tò ò lọ. Oòrùn pa tòmátò títí ó fi domi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá.

A wá lọ jókòó ti mẹkáníìkì kí ojú wa lè là. Ṣáàfù ni irin tó ń gbé agbára láti inú jíà dé táyà iwájú. Jọ́ìntì wà lórí rẹ̀ méjèèjì bí oríkèé, kí táyà lè máa yí kó sì tún máa yà. Rọ́bà ló ń pa gírísì mọ́ inú rẹ̀. Bó bá ya, gírísì á ta jáde, iyanrìn àti omi á wọlé, wọ́n á máa lọ irin náà bí ọlọ ṣe ń lọ ata.

Bẹ́ẹ bá rí gírísì dúdú lẹ́yìn táyà iwájú, tí mọ́tò ò tíì dún, ẹ má fi falẹ̀. Wọ́n á yọ ṣáàfù, wọ́n á fọ jọ́ìntì mọ́ tónítóní, wọ́n á fi gírísì tuntun tó wà fún jọ́ìntì sí i, wọ́n á fi kílípù méjì di rọ́bà tuntun. Ẹ má gbà kí wọ́n fi wáyà so ó. Kí wọ́n wo ọ́ìlì jíà pẹ̀lú, torí ó lè dà bí wọ́n bá fa ṣáàfù jáde.

Bó bá ti ń dún ká-ká-ká ní kọ́nà, jọ́ìntì ìta ti jẹ nìyẹn. Rọ́bà tuntun ò lè wò ó sàn mọ́, àfi ká pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá tẹná lójú ọ̀nà tó tọ́, kí wọ́n yẹ jọ́ìntì inú, lápá jíà, wò. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, kí mẹkáníìkì fọwọ́ mì í. Bó bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó rọ́bà tí a ṣahun ló di owó jọ́ìntì, owó ọkọ̀ tó wọ́ mọ́tò wálé, àti owó tòmátò yín.

A ti bẹ dírẹ́bà. Àpò ẹgbẹ́ la ó ti san owó tòmátò náà díẹ̀díẹ̀. Láti ìsinsìnyí, mẹkáníìkì á máa wo abẹ́ mọ́tò lóṣooṣù. Bí dírẹ́bà bá ní òun gbọ́ ariwo, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Mọ́tò ò ní gbẹ́rù títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí ọmọ yín ń wa mọ́tò, ẹ bá wa sọ fún wọn nílé.

Ọjà á tà o.