Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Pín Ẹ̀pà Kó Tó Gé Iṣu

Kò sí ọmọ tí wọ́n máa ń tètè rẹ́ jẹ nídìí ẹ̀pà. Ẹ da ẹ̀pà 10 síwájú ọmọ méjì ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, kí ẹ ní kí wọ́n pín in. "Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìẹ," títí ẹ̀pà á fi tán. Wọ́n lè má tíì gbọ́ orúkọ ìdajì rí, síbẹ̀ wọ́n ti ṣe é. Tó bá jẹ́ 7 ni ńkọ́? Ọ̀kan á ṣẹ́kù, ariwo á sọ, títí ẹnì kan á fi bó èèpo pupa ara rẹ̀ tí ẹ̀pà náà á là sí awẹ́ méjì.

Níbẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: pínpín ni kó ṣáájú, kí ọ̀bẹ àti àwòrán tẹ̀ lé e.

Ìdajì wà nínú iṣẹ́ ìṣirò kíláàsì kìn-ín-ní ní Nàìjíríà, nígbà tí ọmọ wà ní nǹkan bí ọdún 6. Olùkọ́ sábà máa ń ya róbótó sójú pátákó, á fa ilà sí i láàárín, á kun apá kan. Àwọn ọmọ á ké "ìdajì!" lóhùn kan. Kó wá ya òmíràn, kó fa ilà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí apá kan fẹ̀ ju èkejì: ọ̀pọ̀ wọn á tún ké "ìdajì!" Méjì ni wọ́n ń kà, dídọ́gba ò sí lọ́kàn wọn.

Iṣu, tí ará Èkìtì kì í gbàgbé tó bá ń wá àpẹẹrẹ, tún ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ fi okùn wọn gígùn rẹ̀, ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, ẹ gé e níbẹ̀. Gígùn dọ́gba, ṣùgbọ́n apá orí àti apá ìdí lè má sanra bákan náà. Ọmọ tó bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ ò purọ́.

Gààrí náà ní tirẹ̀. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi hàn pé bí wọ́n bá da omi láti inú ife kan sínú èyí tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 7 á ní ó ti pọ̀ sí i. Nítorí náà, ife méjì tí wọ́n á fi pín gààrí gbọ́dọ̀ jọra bí ìbejì.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ford Foundation ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdajì wà lára ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti wúlò jù: ọmọ lè nawọ́ sí àwòrán láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnì kejì jiyàn lórí ohun tó dọ́gba ní èdè tí kò gbọ́.

Bébà onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ni kó kẹ́yìn. Kí ọmọ kan ṣẹ́ tirẹ̀ po láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí èkejì ṣẹ́ tirẹ̀ láti igun dé igun, kí wọ́n sì gé ìdajì jáde. Wọ́n á jà lórí èyí tó tóbi. Kí olùkọ́ má dá ẹjọ́ náà. Kó fún wọn ní àlùmọ́gàjí. Kí wọ́n gbé onígun mẹ́ta náà dúró lórí ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì tó dọ́gba, kí wọ́n gé ṣóńṣó rẹ̀ ní agbedeméjì gíga rẹ̀, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Á bo ti ẹnì kejì láìṣẹ́kù.