Kíkun Ìbọn Ọdẹ


Irin ìbọn tí ń dán a máa lé ẹtu lọ. Nítorí náà ni ọdẹ òde òní ṣe ń fi àwọ̀ ewé àti ti èèpo igi kùn ún. Kí ó kọ́ yọ ọta, kí ó nu òróró ara irin kúrò, kí ó dí ẹnu ìbọn àti ibi tí ń ṣí tí ń pa dé, kí ó tó fi ọ̀dà tí kì í dán kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ẹran kò rí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè má rí i pẹ̀lú. Ojú ẹtu kò mọ ìyàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ojú ènìyàn mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí ọdẹ wé aṣọ aláwọ̀ ọsàn pípọ́n mọ́ orí. Ẹran ni kí a sá pamọ́ fún, kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni.