Ọkùnrin Tó Mu Ọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀

Lónìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ya ìwé sínú bíléńdà, tó lọ̀ ọ́ mọ́ omi, tó sì mu ún níwájú èrò. Orí rẹ̀ pé o. Robert Metcalfe lorúkọ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe Ethernet ní 1973. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní December 1995, Metcalfe kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn InfoWorld pé íntánẹ́ẹ̀tì máa dẹnu kọlẹ̀ pátápátá ní 1996. Ó ní èrò ti pọ̀ jù, ẹrù náà kò ní ṣeé gbé. Ó dá a lójú débi pé ó ṣèlérí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kó ọ̀rọ̀ òun jẹ.

1996 dé, ó sì lọ. Wàhálà wà lóòótọ́: ní August ọdún yẹn, AOL, tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, dákú fún wákàtí 19. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò kú. Metcalfe ka ẹrù, kò ka àwọn tó máa ri wáyà kún wáyà nígbà tí wọ́n bá rí i pé owó wà níbẹ̀. Ní April 1997, níbi ìpàdé àgbáyé kan lórí wẹ́ẹ̀bù ní California, wọ́n kọ́kọ́ gbé kéèkì ńlá kan tí wọ́n ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí lára jáde. Èrò pariwo pé rárá o, kéèkì kọ́! Ló bá ju ojúewé náà sí bíléńdà.

Mo kí i. Mélòó nínú àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ló máa ń padà wá jíhìn?

Ẹ rántí Steve Ballmer náà, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ní 2007, ó fi iPhone rẹ́rìn-ín: ó wọ́n jù, kò tún ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè fi tẹ lẹ́tà. Ó ní kò sí bó ṣe máa rọ́wọ́ mú lọ́jà. Ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, bó tiẹ̀ jẹ́ Android, kí ẹ bá mi wá bọ́tìnnì náà.

Ìyẹn ṣì pa wá lẹ́rìn-ín. Àmọ́ olùgbọ́ wa kan fi fóísì nóòtù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Bọ̀dá wọn kan wá sọ fún un pé kó fi sílẹ̀, pé AI ti gba iṣẹ́ yẹn. Ọmọ náà ò fẹ́ lọ sí kíláàsì mọ́.

Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ti Geoffrey Hinton. Wọ́n ń pè é ní bàbá AI. Ní 2016, ní Toronto, ó ní kí wọ́n yéé kọ́ àwọn radiologist, ìyẹn àwọn dókítà tó ń yẹ X-ray àti scan wò. Ó ní láàárín ọdún márùn-ún, bóyá mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà máa mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 2016 á lo ọdún 4 níbẹ̀, á tún kọ́ṣẹ́ fún bíi ọdún 5 kó tó di radiologist. Ó di 2025 nìyẹn. Ní 2025, àwọn radiologist Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, ti lé ní 400. Ti 2016 fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Hinton fúnra rẹ̀ gbà lọ́dún yẹn pé òun fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú jù, pé wíwo àwòrán nìkan lòun ní lọ́kàn.

Wíwo àwòrán nìkan! Àwọn dókítà yìí kan náà ló ń fi abẹ́rẹ́ gba ẹran ara díẹ̀ fún àyẹ̀wò, àwọn ló ń bá dókítà yòókù jíròrò, àwọn ló ń fọwọ́ sí èsì. Bí èsì bá ṣìnà, àwọn ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́. AI wọ iṣẹ́ náà dáadáa o, wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́. Àmọ́ apá kan ló wọ̀. Hinton sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Ẹni tó bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ta ló máa fún ìyẹn ní nǹkan kan?

Mi ò mọ bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe máa rí lọ́dún márùn-ún sí i, bọ̀dá náà ò sì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá tún dé, kí àbúrò yín kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kó wá bi wọ́n pé: apá wo nínú iṣẹ́ náà ni AI gbà? Ọdún wo ló máa gbà á tán? Kí ni ẹ̀yin máa san bí kò bá rí bẹ́ẹ̀? Ẹ má sáà sọ pé èmi ni mo rán an o.