Ilẹ̀ Wo Ló Dára Jù Láyé?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àríyànjiyàn rẹ̀ kì í tán lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ òfì, kì í tán ní Ọjà Ọba, kì í sì í tán ní ibùdókọ̀. Ilẹ̀ wo ló dára jù láyé?

Ẹnì kan á ní Mẹ́kà ni, nítorí pé ibẹ̀ ni Ilé Ọlọ́hun wà. Òmíràn á ní Ìlú Ọba ni, nítorí pé iná kì í lọ níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní Amẹ́ríkà ni, nítorí owó. Àgbàlagbà kan á sì ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, ibi tí wọ́n bí mi sí ni." Gbogbo wọn ló sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn kò dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì mọ èyí dájú: bí kóńgò bá yàtọ̀, iye kò lè bára mu. Nítorí náà, kí a tó gbà pé ilẹ̀ kan dára jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn wo ló kún Ìlọrin tó fi di ìlú ńlá? Yorùbá ni, Fúlàní ni, Haúsá, Nupé, Kànúrí àti Bàrùbá náà wà ńbẹ̀. Ẹ sáà ka orúkọ oyè mẹ́rin yìí: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí, Balógun Àlánamú. Ẹ ó rí i pé onírúurú èèyàn ló pàdé níbí. Kí ni wọ́n ń wá? Àwọn kan ń wá ibi ìsádi lásìkò ogun ayé àtijọ́. Àwọn kan tẹ̀lé ọjà, nítorí pé àárín ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Yorùbá ni Ìlọrin wà. Ẹrù tó ń lọ sókè àti èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ ń pàdé lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan wá nítorí ìmọ̀. Ọmọ kéú á fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀nà jíjìn, á gbé wàláà rẹ̀ dání, á bọ́ sí agboolé àfáà, wọn á sì fi ibi tí yóò sùn hàn án. Lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Ìlọrin ló dára jù láyé. Kò sí iná mànàmáná nígbà náà, ojú ọ̀nà kò sì ní ọ̀dà. (A kò ní parọ́ fún yín: àwọn mìíràn wà tí wọ́n kó wọn wá lẹ́rú. Àwọn yẹn kò yàn án.)

Nígbà tó yá, ó kan àwọn èèyàn tiwa láti lọ. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà nígbà tí ó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957. Láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ni wọ́n ti lọ sí Kumasi, Accra àti Tamale. Kòkó ń mówó wọlé lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń wa góòlù. Ọjà títà ni púpọ̀ nínú àwọn tiwa bá lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wọ̀ sí ilé ará ìlú rẹ̀. Wọn á gbé àtẹ lé e lórí: abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, dígí. Bó bá kiri fún ọdún díẹ̀, á gba ìsọ̀ lọ́jà. Bí ìsọ̀ bá kún, á ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò òun máa bọ̀. Ilé tí wọ́n fi owó Gánà kọ́ síbí kò kéré.

Ṣé ẹ rí ohun tó mú kí wọ́n máa yin Gánà? Ẹni tí kò ní ju àtẹ kan lọ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì dèèyàn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní: ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹlòmíràn ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò mọ Ìlọrin àfi lẹ́nu. Wọ́n ta ọjà ní àtàdànù. Wọ́n fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n fi òógùn kọ́, wọ́n wọ lọ́rì. Ilẹ̀ tó dùn ní oṣù kẹwàá di ilẹ̀ ẹkún kí oṣù kejìlá tó tẹ̀síwájú.

Ẹ má tíì bú àwọn ará Gánà. Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Láti 1973, owó epo rọ̀bì gbéra sókè, Nàìjíríà lówó, nǹkan sì le ní Gánà. Àwọn ará Gánà gbéra, ó di ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó á rántí wọn: tíṣà, bíríkìlà, télọ̀, àwọn tó ń ran bàtà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1976, iléèwé pọ̀ ju tíṣà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló jókòó níwájú tíṣà ará Gánà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Lójú wọn, ilẹ̀ wa yìí ni ilẹ̀ rere. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni.

Nígbà tó ṣe, owó epo já wálẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, lábẹ́ ìjọba Shehu Shagari, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni! Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló lọ, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí, Ghana-Must-Go la ṣì ń pè é dòní. Ẹ̀yin tí ẹ fi ń kó aṣọ lọ sọ́jà, ìtàn lẹ gbé dání yẹn o.

Láti 1969 sí 1983, ọdún mẹ́rìnlá péré ni. Ilẹ̀ Gánà kò ṣí nípò, tiwa náà kò ṣí nípò. Owó ló ṣí. Ìdí nìyí tí àwa kò fi gbẹ́kẹ̀ lé òṣùwọ̀n owó nìkan. Òṣùwọ̀n tí àwa fẹ́ràn jù ni èyí: bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni bá dé ìlú, tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe sí i ní ọsibítù, ní kóòtù, ní iléèwé?

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti wá òṣùwọ̀n. Ní 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí wọ́n fi ń to àwọn orílẹ̀-èdè tẹ̀lé ara wọn. Mahbub ul Haq, ọmọ ilẹ̀ Pakistan, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n wò: iye ọdún tí ọmọ tí a bí lónìí lè retí láti lò láyé, owó tó ń wọlé, àti ìkẹta, ẹ tẹ́tí o, iye àgbàlagbà tó lè kàwé, tó sì lè kọ̀wé. Àgbàlagbà! Títí di 2009, irú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí alẹ́ yìí ni wọ́n ń kà mọ́ ohun tó ń gbé orílẹ̀-èdè lékè. Láti 2010, wọ́n yí i padà sí iye ọdún tí èèyàn lò nílé ìwé. Àwa kò fẹ́ràn ìyípadà yẹn. Ẹni tó fi alẹ́ kọ́ ìwé, ìwé náà ló kọ́. Norway, Switzerland àti Iceland ló máa ń wà lókè nínú ètò yìí. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele ìsàlẹ̀ ni Nàìjíríà wà.

Síbẹ̀, ní 2003, ìròyìn kan jáde tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti bi àwọn èèyàn ní ilẹ̀ tó lé ní ọgọ́ta léèrè bóyá inú wọn dùn. Nígbà tí ìdáhùn pé, Nàìjíríà ló ṣe ipò kìíní! Mexico ló tẹ̀lé e. Báwo? Àwa rò pé a mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá bi ará ilé wa pé, "Ṣé dáadáa ni?" kí ló máa ń sọ? "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun." Iyọ̀ lè má sí nílé, gbèsè lè wà lọ́rùn, á ṣì dúpẹ́. Kò parọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Àmọ́ a kò lè fi ọpẹ́ dí kòtò ojú ọ̀nà.

Àwọn tó ń tẹ ìwé ìdùnnú àgbáyé láti 2012 kì í béèrè báyẹn. Wọ́n ní kí o fọkàn ya àkàbà kan. Òkè pátá, tó jẹ́ mẹ́wàá, ni ayé tó dára jù tí o lè rò fún ara rẹ. Ìsàlẹ̀ pátá, tó jẹ́ òdo, ni èyí tó burú jù. Orí igi kelòó lo dúró sí? Ará Amẹ́ríkà kan, Hadley Cantril, ló dá ìbéèrè yìí sílẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn ilẹ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti 1965. Láti 2018 títí di 2025, ọdún mẹ́jọ léraléra, Finland ló ń ṣe ipò kìíní.

Ẹ má rò pé Finland rọrùn láti gbé. Òtútù ibẹ̀ ń mú kí omi adágún dì gbagidi bí òkúta. Láti 1866 sí 1868, ìyàn mú, èèyàn tó lé ní 100,000 kú. Abẹ́ àṣẹ Rọ́ṣíà ni wọ́n wà títí di 1917. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kàwé tipẹ́. Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í so ẹni tí kò lè kàwé pọ̀ mọ́ aya tàbí ọkọ. (Ẹ wò ó ná! Kí ọkùnrin tó ronú ìdáná, ìwé ni yóò kọ́kọ́ kà.) Láti 1948, ọmọ iléèwé ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1949, aboyún èyíkéyìí lè gba àpótí aṣọ ọmọ lọ́dọ̀ ìjọba, bó bá ti lọ fi ara han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí oṣù kẹrin oyún tó parí. Ìyàwó olówó àti ìyàwó tálákà, àpótí kan náà. Ní 2013, àwọn oníwèé ìròyìn Reader's Digest mọ̀ọ́mọ̀ sọ pọ́ọ̀sì méjìlá nù ní Helsinki, olú ìlú wọn. Mọ́kànlá ló padà. Ìwà yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Níbí náà, ẹni tó rí owó he lè gbé e fún lèmọ́mù kí wọ́n kéde rẹ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń retí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú.

Ohun tí àwọn ọmọ wa ń sọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ń lọ, dókítà ń lọ, wọ́n ń pè é ní jápa. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á ní owó oṣù tó ń jáde lọ́jọ́ rẹ̀, iná tí kì í lọ, ọ̀nà tí ọlọ́pàá kì í ti í gba owó. A kò lè bá wọn jà. Ṣebí àwọn bàbá wọn lọ sí Gánà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé. Ní 2022, Ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n ní kí àwọn tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ náà má mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun. Ẹni tó bá ń lọ, kí ó ka ìwé tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀, kí ó kà á tán. Bí ó bá le jù fún un, kí ó má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ẹni tó fọkàn tán yóò fi kà á sí i létí.

Ó ku iṣẹ́ alẹ́ òní. Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín, ẹ ya àkàbà onígi mẹ́wàá. Ẹ fi àmì sí igi tí ẹ dúró sí lónìí, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ kí aládùúgbò rò pé ẹ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun kan tó lè gbé agboolé yín gun igi kan sí i. Ẹni tó lè kọ gbólóhùn, kí ó kọ gbólóhùn. Ẹni tí kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré: omi, iná, ọ̀nà, nọ́ọ̀sì. A ó gba ìwé náà lọ́wọ́ yín, a ó sì kà á sókè nígbà tí a bá tún pàdé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.