Módẹ́ẹ̀mù Ilé: Kí A Tó Sanwó Àtúnṣe
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ iná wa bá ìpàdé ẹ̀ka sọ)

  N kò ní í pẹ́.

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tí a fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa kan ni ó fà á. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í lẹ ìwé ṣíìfù mọ́ ògiri mọ́, orí WhatsApp ni wọ́n ń fi í sí lálẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, iná módẹ́ẹ̀mù ilé rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Fóònù rẹ̀ kò ní dátà tirẹ̀. Ti ilé ni gbogbo wọn jọ ń lò. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun sí ṣíìfù aago márùn-ún ìdájí. Aago mẹ́jọ ni ó dé gáréèjì. Wọ́n fún un ní kúẹ̀rì, wọ́n sì gé owó ọjọ́ kan.

Ó wá pe ọmọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe. Ọmọ náà gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó ti abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ní ẹ̀rọ ti kú. Awakọ̀ wa ra tuntun, ó fi síìmù àtijọ́ sínú rẹ̀. Tuntun náà kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó kó méjèèjì tọ̀ mí wá, mo rí i pé ara ẹ̀rọ méjèèjì le ju tèmi lọ. Síìmù yẹn, tí wọ́n rà lórúkọ ẹlòmíràn, ni wọ́n ti tì pa nítorí pé kò so mọ́ nọ́ńbà NIN. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tì ní 2024.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣíná, ta ni nínú yín tí í kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì? Ẹ ó wo epo, ẹ ó wo bátìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí èyí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ti orí òpó wá sínú síìmù tí ó wà nínú módẹ́ẹ̀mù, láti inú módẹ́ẹ̀mù ni Wi-Fi ti ń gbé e dé fóònù yín. Ibi tí ó ti já lójú ọ̀nà ni kí ẹ wá.

Iná ni àkọ́kọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá tàn rárá, ẹ fi nǹkan mìíràn sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. Lẹ́yìn náà ẹ wo ṣájà rẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà tí lẹ́tà V tẹ̀ lé: 12 ni ọ̀pọ̀ èyí tí ń jókòó sórí tábìlì ń lò, 5 sì ni èyí tí ń wọ àpò. Ti ṣájà gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹni tí ó bá fi ṣájà 12 sí ẹ̀rọ 5 ti sun ún nìyẹn. Nọ́ńbà tí lẹ́tà A tẹ̀ lé, ti ṣájà kò gbọdọ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ń kú tí ń jí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọ mẹ́ta bá so mọ́ ọn, ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí iná ìjọba bá sì ń lọ tí ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ títí iná yóò fi dúró.

Bí ó bá tàn, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó bínú. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iye ìgbà tí èyí nìkan tó.

Ẹ wá fi fóònù méjì wò ó. Bí ọ̀kan bá gbà tí èkejì kò gbà, fóònù ni. Bí méjèèjì bá so mọ́ Wi-Fi ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà inú ilé dára, òde ni ìdíwọ́ wà. Ẹ yọ síìmù náà sínú fóònù, bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ tẹ *323# kí ẹ rí iye dátà tí ó kù, *310# fún owó ìpè; láti 2023 ni gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń lo nọ́ńbà kan náà. Bí dátà bá wà tí síìmù náà kò sì ṣiṣẹ́ nínú fóònù, ẹ má ra módẹ́ẹ̀mù kankan. Ọ̀dọ̀ onísíìmù ni kí ẹ lọ.

Bí ó bá ń wọlé ṣùgbọ́n tí ó ń fà bí ìgbín, ẹ wo ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni tèmi wà fún ọdún kan. Ìyàwó mi ni ó gbé e sí fèrèsé ilé ìdáná, ó sì ń fi í bú mi títí di òní. Páànù àti irin ń dí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí ẹ bá rí orúkọ Wi-Fi méjì, èyí tí 5G wà lára rẹ̀ ń yára ṣùgbọ́n kì í la ògiri púpọ̀ kọjá, 2.4 ni kí ẹni tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn lò.

Ẹ̀yin tí wọ́n fa okùn fáíbà wọ ilé yín, bí iná LOS bá pọ́n, okùn ti ṣẹ́ tàbí ó ti yọ. Ẹ má wo ẹnu okùn náà, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí wà níbẹ̀ tí ó lè pa ojú lára. Ẹ pè wọ́n.

Ihò kékeré yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun gbogbo tí a tò sínú ẹ̀rọ ni ó ń pa rẹ́. Orúkọ àti páásíwọọ̀dù yóò padà sí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Ti fáíbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò lè tún un tò.

Kí ẹ ní ìwé kékeré kan nílé. Ọjọ́ wo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ, aago mélòó, iná wo ni ó ń tàn, ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn? Ẹ kọ ọ́. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, nọ́ńbà àjọ NCC tí a fi ń gbé ẹjọ́ wọn lọ ni 622. Ìwé yẹn náà ni ẹgbẹ́ lè gbé síwájú ọ̀gá bí kúẹ̀rì bá dé. Awakọ̀ wa kò ní irú rẹ̀, ẹnu lásán ni a fi ń jà fún un báyìí.

Wọ́n ní ẹ̀bi síìmù rẹ̀ ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí síìmù òṣìṣẹ́ máa gbé ìwé ṣíìfù ọ̀gá, ta sì ni ń san owó dátà rẹ̀? Ohun tí ẹ̀ka ń béèrè ni kí wọ́n tún máa lẹ ìwé náà mọ́ ògiri gáréèjì, kí wọ́n sì pe ẹni tí wọ́n bá yí ṣíìfù rẹ̀ padà lálẹ́. Lẹ́tà ti lọ, a ń retí èsì.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, láti aago mẹ́wàá, n óò wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó gbé e wá, kí ó sì mú ṣájà rẹ̀ gan-an dání, kì í ṣe ti aládùúgbò.