"Pa Ara Rẹ Mọ́" Nìkan Kò Tó
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí òní yóò jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún láyọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí Alukoro wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ yín rò pé àṣeyọrí ẹgbẹ́ ni a óò máa kà: kànga tí a gbẹ́, àga tí a fún ilé ìwé, aṣọ tí a wọ̀ jó. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé yìí pẹ̀lú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní fọ́tò. Òun ni a fẹ́ sọ.

Ní ọdún karùn-ún ẹgbẹ́, a lọ sí ilé ìwé girama kan láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìbálòpọ̀. A tẹ káàdì funfun, a kọ ọ́ sí i pé, "Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n óò pa ara mi mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó mi." Àwọn ọmọ fọwọ́ sí i, wọ́n nà án sókè, a ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan wà níwájú tí ẹ̀rín rẹ̀ dára. Àwa Alukoro fi fọ́tò rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kí kàlẹ́ńdà náà tó dé oṣù kẹsàn-án, ọmọ yìí ti lóyún, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ lọ kí i, ó ní: "Ẹ̀yin mà, ẹ ní kí n má ṣe é. Ẹ ò sọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó ń san owó ìdánwò mi." Wọn kò rí èsì fọ̀. Àwa tí a ti kọ ọ́ sínú ìròyìn pé iṣẹ́ náà yọrí sí rere, a kò rí èsì fọ̀ bákan náà.

Ìdí nìyẹn tí a fi wádìí bóyá irú ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn lọ́jọ́ náà máa ń ṣiṣẹ́.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti náwó sí i jù. Láti ọdún 1981 ni ìjọba wọn ti ń fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní 1996, òfin kan ya mílíọ̀nù 50 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ẹ̀kọ́ "pa ara rẹ mọ́ títí di ìgbéyàwó." Nígbà tó yá, ilé aṣòfin wọn ní kí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Mathematica mú ètò mẹ́rin, wọ́n sì tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 2,000 fún ọdún bíi mélòó kan. Bí ìgbà tí a ṣẹ́ gègé ni wọ́n pín wọn: àwọn kan gba ẹ̀kọ́ náà, àwọn kan kò gbà á. Èsì jáde ní 2007. Nínú àwọn tó gbà á, bí ìlàjì ló pa ara wọn mọ́. Nínú àwọn tí kò gbà á, bí ìlàjì náà ni. Ọjọ́ orí tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ti káàdì ẹ̀jẹ́ ńkọ́? Ní 2009, Janet Rosenbaum gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àti àwọn tí ìwà wọn jọ tiwọn ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́jẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ló sọ pé àwọn kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan rí. Ní ti ìbálòpọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló burú: àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ni kì í sábà lo kọ́ńdọ́ọ̀mù tàbí ohun ìdènà oyún.

Owó náà dé Áfíríkà, nípasẹ̀ ètò PEPFAR tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti àrùn éèdì, èyí tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Láàárín 2004 sí 2013, ó lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400 dọ́là tí wọ́n ná sórí ìwàásù ìpara-ẹni-mọ́ àti jíjẹ́ olóòótọ́ sí ẹnì kan. Ìwádìí tó jáde ní 2016 lórí orílẹ̀-èdè 22 kò rí i pé owó náà yí ọjọ́ orí tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀ padà, tàbí pé ó dín oyún àwọn ọ̀dọ́ kù.

A kò ní fi apá kan pamọ́ fún yín. Ní 2010, John Jemmott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ èsì ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ dúdú 662 ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn kan ní ẹ̀kọ́ tó dá lórí sísún ìbálòpọ̀ síwájú nìkan. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní nǹkan mìíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é: wọn kò fi ìgbéyàwó dẹ́rù bà wọ́n, wọn kò bu ẹnu àtẹ́ lu kọ́ńdọ́ọ̀mù, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ṣe ìdánrawò bí èèyàn ṣe ń sọ pé "rárá." Ohun tí ọmọ wa béèrè gan-an nìyẹn.

Àwọn àgbà yóò sọ pé, "Ìbálé ńkọ́? Aṣọ funfun ńkọ́? Ìṣáná kíkún ńkọ́?" Òótọ́ ni, iyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi ẹnu lásán ṣọ́ ọmọ. Gbogbo agbo ilé ló ń ṣọ́ ọ, ìyá àgbà ń bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í pẹ́ tó bàlágà tó fi wọlé ọkọ. Lónìí, ọmọ ń lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìbàlágà àti ìgbéyàwó, ó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni a jogún. A kò jogún agbo ilé.

Àwọn kan ní bí a bá là á yé ọmọ, a ti tì í sí i nìyẹn. Iṣẹ́ báńkì ni àwa ń ṣe. A máa ń sọ fún oníbàárà pé kó má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. A kì í dúró síbẹ̀. A ń sọ ohun tí gbájúẹ̀ máa ń wí lórí fóònù, a sì ń sọ ibi tí yóò pè kíákíá bí wọ́n bá ti rí i lù. Kò sí ẹni tó sọ pé a ń kọ́ oníbàárà ní jìbìtì.

Ní oṣù kọkànlá 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Bí ilé ìwé bá dákẹ́, ilé ló kù. Àwa sì ni ilé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ fún. Àkọ́kọ́, bí a bá padà sí ilé ìwé, "dúró ná" ni yóò ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ wa, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì bá wa lọ, kí a la ti oyún, àrùn àti ìdáàbòbò yé wọn, kí àpótí wà tí ọmọ yóò ju ìbéèrè sí láìkọ orúkọ. Èkejì, kí ẹgbẹ́ dá owó ìdánwò sílẹ̀, kí ọmọbìnrin kankan má fi ara san án mọ́. Ẹ̀kẹta, kí a bá ara wa lọ́kùnrin sọ̀rọ̀. Ẹni tó fún ọmọ náà lóyún kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Àgbàlagbà ni, ẹgbẹ́ tiwa.

Ọmọbìnrin náà gbà kí a sọ ìtàn yìí. Ó ní kí a má sọ orúkọ òun, kí a má sì fi fọ́tò òun sí i. Ìyẹn ni kò fi sí nínú ìwé yìí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹgbẹ́ wa ti di àgbà ọdún mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹgbẹ́ tú, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbẹ̀yìn wa dáadáa.